Brothel Kì í Ṣe Ọmọ Bordel

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé bordel tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yá lọ́wọ́ Faransé ni brothel, ìyẹn ilé aṣẹ́wó, pé ahọ́n ló kàn yí i po. Èrò náà kò ṣàìlẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìtumọ̀ wọn bára mu, ìró wọn jọra, ọ̀rọ̀ Faransé sì ya wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogun 1066 tí àwọn tó ń sọ Faransé fi gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ máa ń yí ìró po bẹ́ẹ̀: brid ni wọ́n ń pe bird nígbà kan rí. Síbẹ̀, àṣìṣe ni, àìfarabalẹ̀ ló sì bí i.

Ènìyàn ni brothel kó tó di ilé. Ẹni tí kò ní láárí, oníranù, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nínú Confessio Amantis tí John Gower kọ ní nǹkan bí 1390, Ọba Áhábù pe wòlíì Mikáyà ní brothel. Ẹni tó bá ti ka Ìwé Àwọn Ọba Kìíní mọ̀ pé òótọ́ ọ̀rọ̀ tí Mikáyà ń sọ ló sọ ọ́ di ọ̀tá ọba. Áhábù ń bú u ni. Ta ló máa fi ilé aṣẹ́wó túmọ̀ ibẹ̀ tí yóò mọ́gbọ́n dání? Inú brēoþan ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni èébú náà ti wá: kí nǹkan wó, kó bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ wọn ni.

Nígbà tó yá, wọ́n ń fi bú obìnrin aṣẹ́wó, ilé rẹ̀ sì di brothel-house. Orúkọ yìí wà nínú eré Shakespeare, Much Ado About Nothing, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1600. Ó yẹ kí èyí nìkan ti tó. Bí brothel bá ti jẹ́ ilé látilẹ̀wá, kí ni house ń wá lẹ́yìn rẹ̀? Àwa náà kì í pe ilé ní aṣẹ́wó. Ilé aṣẹ́wó là ń wí.

Lóòótọ́, bordel wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, akéwì Chaucer pàápàá lò ó. Láti ara borde, ahéré onípákó, ni Faransé ti ṣẹ̀dá rẹ̀, ahéré kékeré ló sì túmọ̀ sí. Mo tún gbà pé ìjọra wọn wà lára ohun tó jẹ́ kí brothel gba ìtumọ̀ ilé nígbà tí wọ́n gé house kúrò. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ó ti tó nǹkan bí igba ọdún tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi brothel bú ènìyàn.