Set-Setal: Nígbà tí Ògiri Dakar Di Olùkọ́ Ìmọ́tótó

Lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ ọdún 1988, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Dakar, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gà. Àwọn ọ̀dọ́ bínú, wọ́n ba nǹkan jẹ́. Ní ọdún 1990, àwọn ọ̀dọ́ yìí kan náà gbé ìgbálẹ̀. Ìdọ̀tí ti gba àdúgbò, wọn kò sì dúró de ìjọba mọ́: wọ́n gbálẹ̀, wọ́n kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà, wọ́n fi ọ̀dà ya àwòrán sára ògiri. Àwòrán àwọn aṣáájú ẹ̀sìn àti akọni wà níbẹ̀. Ti ìmọ́tótó àti àrùn náà wà níbẹ̀, kí ẹni tí kò mọ̀wé lè rí i kí ó sì yé e. Ní ọdún náà ni Youssou N'Dour gbé àwo orin rẹ̀, *Set*, jáde.

Orúkọ tí wọ́n ń pe iṣẹ́ náà ni Set-Setal. Ní èdè Wolof, *set* ni kí nǹkan mọ́. Bí a bá fi *-al* kún un, ó di kí ènìyàn sọ ọ́ di mímọ́. Ìkéde ìjọba a máa sọ pé kí ìlú mọ́, láìdárúkọ olùṣe. *Setal* kò lè ṣaláìní olùṣe.

Òótọ́ ni pé àwòrán kì í kó ilẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba kò yẹ̀ lórí ìjọba. Síbẹ̀, nígbà tí àrùn kòrónà dé ní oṣù kẹta ọdún 2020, àwọn ayàwòrán ẹgbẹ́ RBS Crew tún kọrí sí ògiri Yunifásítì Cheikh Anta Diop ní Dakar, wọ́n ń ya bí a ṣe ń dáàbò bo ara ẹni. Ẹ̀kọ́ ìlera a máa wọlé ṣinṣin bí ará àdúgbò bá jẹ́ olùkọ́ rẹ̀.