Àkùrọ̀ Ọ̀họ̀rí Láàárín Gómìnà àti Ológun

Níbi tí òfin tí ìjọba Faransé gbé jáde ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 1904 ti kan àgbẹ̀, kò ju gbólóhùn díẹ̀ lọ: ilẹ̀ tó bá ṣófo, tí kò ní onílẹ̀, ti ìjọba ni. Gbogbo agbègbè tí wọ́n ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n kọ ọ́ fún, láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Dahomey tí à ń pè ní Benin lónìí. Kí òfin yìí tó dé ìgbèríko Adja-Ouèrè ní Dahomey, àwọn ológun ti ní òfin tiwọn, ìyẹn òfin ẹni tó ṣẹ́gun. Òyìnbó kan náà ló wá mú ìdáhùn méjì wá sórí ìbéèrè ẹni tó ni ilẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé gbogbo awuyewuye gómìnà àti ológun nípa ilẹ̀ dá lé ohun tí oníkálukú wọn fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe. Lórí pé àgbẹ̀ kọ́ ni yóò pinnu rẹ̀, ẹnu wọn kò yàtọ̀ rárá.

Ológun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 1892, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti wọ Abomey, Ọ̀gágun Alfred Dodds kéde pé òun ti rọ Béhanzin, ọba Dahomey, lóyè, ó sì sọ Ouidah, Savi, Avrékété, Godomey àti Abomey-Calavi di ilẹ̀ Faransé. Kò béèrè ẹni tó ni oko kankan níbẹ̀. Ìṣẹ́gun ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1894, Paris pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di kólónì, ó sì fi í sábẹ́ Victor Ballot, ẹni tí kì í ṣe ológun. Ní Soudan, tí à ń pè ní Mali lónìí, ọ̀ràn náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fi Albert Grodet, tí òun náà kì í ṣe ológun, ṣe gómìnà ní ọdún 1893, àmọ́ ọ̀gá ológun kan tó ń jẹ́ Bonnier kó ọmọ ogun lọ sí Timbuktu láìka àṣẹ rẹ̀ sí, ó sì kú sí ìtòsí ibẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1894. Ìbínú àwọn gómìnà kò ṣòro láti lóye. Ogun ń jẹ owó, oníṣòwò kò sì ní í ra ilẹ̀ tí ìbọn nìkan ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀. Òfin 1904, àti èyí tó tẹ̀lé e ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 1906 tó dá ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ sílẹ̀, ni àwọn akọ̀wé fi dá ìbọn lóhùn.

Ṣùgbọ́n kí ni ilẹ̀ tó ṣófo? Àwọn Ọ̀họ̀rí, tí ìwé Faransé ń pè ní Holli, tẹ̀dó sí àfonífojì Kumi, ilẹ̀ wọn sì wà káàkiri kọ́múnù Adja-Ouèrè, Pobè àti Kétou lónìí. Massè tó wà lábẹ́ Adja-Ouèrè jẹ́ ara rẹ̀. Amọ̀ dúdú ni ilẹ̀ náà. Tí òjò bá dé, omi á bò ó, ẹsẹ̀ á máa rì. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, á sán, á fi ihò sílẹ̀. Àgbẹ̀ ibẹ̀ ń tẹ̀lé omi bó ṣe ń wá àti bó ṣe ń lọ, ó sì tún ń fi apá kan ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan kó lè sinmi. Kọ̀máńdà tó bá gba ibẹ̀ kọjá nínú òjò kò ní í rí ju omi àti koríko lọ. Olóko mọ ààlà rẹ̀ dáadáa, ó mọ ẹni tí bàbá rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ kò sí èyí tó wà nínú ìwé.

Ẹnìkan lè sọ pé òfin náà dáàbò bo àgbẹ̀, nítorí ó ní ilẹ̀ tó jẹ́ ti gbogbo ìlú, tàbí èyí tó wà níkàáwọ́ ọba fún wọn, kò ṣeé tà fún ẹlòmíràn láìjẹ́ pé gómìnà fọwọ́ sí i. Òótọ́ ni, oníṣòwò kò lè lọ tan baálẹ̀ kan jẹ lóru. Ṣùgbọ́n ààbò lọ́wọ́ oníṣòwò nìyẹn. Kò sí ààbò lọ́wọ́ gómìnà fúnra rẹ̀, òun kan náà tí òfin fún ní ilẹ̀ tó bá ṣófo, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì ń sọ èwo ló ṣófo.

Ọdún 1914 ni ọwọ́ gómìnà àti ọwọ́ ológun pàdé lórí àkùrọ̀ yìí. Owó orí ti wà láti ọdún 1899, iṣẹ́ àfipáṣe wà pẹ̀lú rẹ̀, òfin ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 1912 sì ti fún ìjọba lágbára láti fi túláàsì mú àwọn ọ̀dọ́ lọ sójà. Àwọn Ọ̀họ̀rí kọ̀. Otutubiodjo ni olórí wọn, ọ̀tẹ̀ náà sì wọ ọdún 1915. Lóṣù kẹjọ ọdún 1914 yẹn gan-an, ọmọ ogun Dahomey ti lọ bá àwọn Jámánì jà ní Togo, Gómìnà Charles Noufflard kò sì ní sójà tó pọ̀ nílé. Ìjọba borí wọn níkẹyìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní agbègbè yìí sá gba ẹnubodè kọjá sí Nàìjíríà, ẹnubodè tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 láìbi onílẹ̀ kankan léèrè. Àwọn ẹbí wọn wà ní òdìkejì, oko sì wà níbẹ̀ tí wọ́n lè dá.

Ibí yìí ni mo ti rí gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó sá fún sójà fi oko sílẹ̀, oko tí a fi sílẹ̀ sì ni akọ̀wé ń pè ní ilẹ̀ tó ṣófo. Nígbà tí òfin ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 1935 wá sọ ọ́ kedere pé ilẹ̀ tí kò sí ẹni tó lò ó fún ohun tó ju ọdún 10 lọ jẹ́ ti ìjọba, kò bi ẹnikẹ́ni ohun tó lé e kúrò lórí rẹ̀.

Àtakò kan ṣì wà tó lágbára jù. A lè sọ pé kò sí ìjà kankan láàárín gómìnà àti ológun ní Dahomey, pé láti 1894 gómìnà ló ń pàṣẹ, sójà sì ń jẹ́ ẹ. Lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ wo Joost van Vollenhoven, gómìnà àgbà tó ń ṣàkóso gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti Faransé, Dahomey pẹ̀lú, láti Dakar ní ọdún 1917. Ó ní kí wọ́n yéé kó ọ̀dọ́ lọ sójú ogun, pé òróró àti oúnjẹ tí ilẹ̀ yìí lè fi ṣọwọ́ sí Faransé wúlò ju èèyàn tí yóò kú síbẹ̀ lọ. Nígbà tí Paris fi Blaise Diagne ṣe olórí ìgbanisísójà, van Vollenhoven kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1918, ó padà sójú ogun, ó sì kú níbẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Ìjà gidi nìyẹn. Ṣé àgbẹ̀ inú igbó ọ̀pẹ yóò dúró nídìí ọ̀pẹ ni, tàbí yóò lọ gbé ìbọn? Àwọn méjèèjì ń bá ara wọn fa apá àgbẹ̀ láìbi í.

Mo gbà pé wọn kò gba àkùrọ̀ náà fún òyìnbó kankan. Òyìnbó tó dá oko ńlá kò pọ̀ ní Dahomey, ọ̀pẹ wà lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, amọ̀ Kumi kò sì wu ẹni tó ń wá èrè kíákíá. Ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1922, Pobè ni wọ́n gbé e sí. Àmọ́ bí wọn kò ṣe gbà á kò túmọ̀ sí pé wọ́n mọ ẹ̀tọ́ ẹni tó ń ro ó. Òfin ọdún 1925 gbà kí àgbẹ̀ wá fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ hàn kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, orí rẹ̀ ni ẹrù ẹ̀rí sì wà. Ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 1955 ni wọ́n tó gbé ẹrù náà kúrò lórí rẹ̀, tí ìjọba gbà pé ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ dúró fúnra rẹ̀. Òmìnira sì ku ọdún márùn-ún péré.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1965, ìjọba Dahomey olómìnira ṣe òfin ilẹ̀ tirẹ̀, ó sì tún gbé ìwé ìforúkọsílẹ̀ síwájú. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 22 oṣù kejìlá, Ọ̀gágun Christophe Soglo gba ìjọba. Òun, àwọn ológun tó tẹ̀lé e, àti Mathieu Kérékou tó gorí àga ní 1972, kò sí èyí tó pa òfin náà rẹ́. Ọdún 2013 ni wọ́n tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.