Agbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá: Àlàyé Lórí Kíka Òkú Ìjọba Amúnisìn

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe náà kò fara pamọ́: adájọ́ tí ó bá gbọ́ tẹnu olùpẹjọ́, tí ó sì dá ẹjọ́ kí ẹnìkejì tó rojọ́, ìkà ni ó ṣe, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ pé ìdájọ́ rẹ̀ bá òtítọ́ mu. Ẹjọ́ tí ó wà nílẹ̀ níhìn-ín ni èyí tí àwọn onímọ̀ ti ń dá tipẹ́, pé èwo ni ó pa ènìyàn jù nínú ètò ọrọ̀-ajé méjì: kápítálísíìmù, níbi tí ilẹ̀, ilé-iṣẹ́ àti owó ti wà lọ́wọ́ àdáni tí èrè sì ń darí wọn, àti sóṣálísíìmù, níbi tí ìjọba ti gba nǹkan wọ̀nyí sí ìkáwọ́ ní orúkọ gbogbo ènìyàn.

Ní 1997, àwọn òpìtàn kan ní ilẹ̀ Faransé tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ìwà ọ̀daràn àwọn ìjọba kọ́múníìsì, Stéphane Courtois sì kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú pé òkú wọn sún mọ́ 100 mílíọ̀nù. Àwọn tí ń tún iye yìí sọ kì í sábà rántí pé méjì nínú àwọn tí wọ́n jọ kọ ìwé náà, Nicolas Werth àti Jean-Louis Margolin, ta ko ìṣirò yẹn ní gbangba, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í sábà rántí pé ebi ni ó pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òkú náà: ìyàn Ukraine àti Kazakhstan ní 1932 sí 1933, nígbà tí ìjọba Stalin ń kó ọkà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tí kò ní òmíràn, àti ìyàn ńlá ilẹ̀ Ṣáínà láti 1958 sí 1962. Ó tọ́ kí á ka òkú ìyàn sí ìjọba lọ́rùn, nítorí pé àṣẹ ènìyàn ni ó dá ebi náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbà bẹ́ẹ̀ kò ní ibi tí yóò sá sí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan Bengal ní 1943, lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ti kú. Amartya Sen, ọmọ Bengal tí ìyàn náà ṣojú rẹ̀ ní kékeré, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1981 pé oúnjẹ ọdún náà kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí ti àwọn ọdún tí ó ṣáájú. Ó gbówó lórí kọjá agbára lébìrà oko ni, ìjọba kò sì gbà pé iṣẹ́ òun ni láti bọ́ ọ.

Àléébù kan ṣì wà nínú ìfiwéra yìí tí ó jinlẹ̀ ju ti iye lọ, òun sì ni pé ó pín ayé sí méjì bí ẹni pé kò sí ẹ̀kẹta. Ìjọba amúnisìn, èyí tí í ṣe ìṣàkóso orílẹ̀-èdè kan lórí àwọn tí kò ní ohùn nínú yíyan àwọn aláṣẹ wọn, kì í ní ojú ìwé tirẹ̀ nínú ìṣirò náà. Ìyàtọ̀ tí ó ṣe kókó wà láàárín ìjọba tí ó gbọ́dọ̀ jíyìn fún àwọn tí ó ń ṣàkóso àti ìjọba tí ń jíyìn fún ẹlòmíràn, ohun yòówù kí ètò ọrọ̀-ajé rẹ̀ jẹ́.

Ní 18 Oṣù Kọkànlá 1949, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn sí àwọn awakùsà èédú ní Iva Valley ní Enugu, ènìyàn 21 kú, ọ̀pọ̀ sì fara gbọgbẹ́. Owó tí wọ́n gbà pé wọ́n jẹ wọ́n ni wọ́n ń béèrè, tí wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ń fa iṣẹ́ nílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ka ọ̀rọ̀ náà sí ìwà àwọn oníṣòwò òyìnbó, ṣùgbọ́n ibi ìwakùsà náà kì í ṣe ti oníṣòwò kankan: ti ìjọba Nàìjíríà ni, ọkọ̀ ojú irin ìjọba sì ń fi èédú rẹ̀ rìn. Ẹni tí ó wà lórí àga ní London nígbà náà ni Clement Attlee ti Ẹgbẹ́ Labour, ẹgbẹ́ tí ó pe ara rẹ̀ ní ti sóṣálísíìmù, tí ó gba àwọn ibi ìwakùsà èédú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò lọ́wọ́ àdáni ní 1947, tí ó sì dá ètò ìlera ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní 1948. Abẹ́ ìjọba kan náà ni awakùsà Wales àti awakùsà Enugu wà. Ti àkọ́kọ́ lè fi ìbò lé e kúrò, ti èkejì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ òkú 21 yẹn sínú ìwé kápítálísíìmù yóò ní láti ṣàlàyé ẹni tí ó ni ibi iṣẹ́ náà, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kọ wọ́n sínú ti sóṣálísíìmù yóò ní láti ṣàlàyé ìdí tí irú rẹ̀ kò fi ṣẹlẹ̀ ní Wales lábẹ́ Attlee.

Bíi Wales, Peckham, ní gúúsù London, rí ojú rere ìjọba Attlee yìí. Lewis Silkin, aṣojú rẹ̀ ní Ilé Aṣòfin láti 1936 sí 1950, ni mínísítà ètò ìlú àti ìgbèríko lábẹ́ Attlee. Ní àdúgbò kan náà, ní 164 Queen's Road, ni Dókítà Harold Moody gbé, ọmọ Jàmáíkà tí ó wá kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní 1904, tí wọn kò gbà síṣẹ́ nílé ìwòsàn nítorí àwọ̀ rẹ̀, tí ó sì ṣí ilé ìtọ́jú tirẹ̀ ní Peckham ní 1913. Moody dá League of Coloured Peoples, ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, sílẹ̀ ní 1931. Àwọn kọ́múníìsì ìgbà náà fojú tín-ín-rín rẹ̀ pé onígbàgbọ́ tí ń bẹ àwọn òyìnbó ni, wọn kò sì wò ó dáadáa, nítorí ìwé ẹ̀tọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní 1944 béèrè pé kí gbogbo ìjọba amúnisìn máa jíyìn ìṣàkóso wọn fún àjọ àgbáyé kan tí yóò ní agbára láti ṣe ìwádìí. Ìjíyìn yìí gan-an ni Enugu kò ní.

Àwọn àgbẹ̀ kòkó Nàìjíríà pẹ̀lú kò rí ìjíyìn yìí. Láti ìgbà ogun Hitler ni ìjọba ti di òǹrà kan ṣoṣo fún kòkó, tí iṣẹ́ náà sì bọ́ sọ́wọ́ Cocoa Marketing Board ní Nàìjíríà ní 1947. Àjọ yìí ń san owó tí ó kéré sí ti ọjà àgbáyé fún àgbẹ̀ Ìbàdàn àti Oǹdó, ó sì ń fi àjẹṣẹ́kù pamọ́ sí London, níbi tí ó ti ń gbé pọ́n-ùn ró ní àkókò tí dọ́là wọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní ààbò ni fún àgbẹ̀ lọ́jọ́ tí owó kòkó bá já, ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣófo pátápátá, torí pé lẹ́yìn 1954 apá kan owó náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Síbẹ̀, kò sí àgbẹ̀ tí wọ́n bi léèrè. Kí ìjọba gba irè oko ní pọ́ọ́kú kí ó fi tún ìlú ẹlòmíràn ṣe, ìpìlẹ̀ kan náà ni ó ní pẹ̀lú ohun tí Moscow ṣe fún àgbẹ̀ Ukraine, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàn kò mú nílẹ̀ kòkó, tí ìwọ̀n ìyà méjèèjì kò sì dọ́gba rárá.

Kí òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ má baà bá ẹnìkan ṣoṣo wí, ó yẹ kí á gbọ́ ti apá kejì, ìyẹn ti Moscow. George Padmore, ọmọ Trinidad tí Moscow fi ṣe olórí iṣẹ́ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú, yapa kúrò lọ́dọ̀ wọn láàárín 1933 sí 1934, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìjà wọn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kù nítorí ìṣọ̀rẹ́. Nígbà tí Italy ya wọ Ethiopia ní 1935, epo Soviet ṣì ń lọ sí Italy. Àwọn ará Ethiopia tí bọ́ǹbù pa kò sí nínú 100 mílíọ̀nù Courtois, àwọn tí ń gbèjà Moscow kì í sì í dárúkọ wọn.

Ní Oṣù Kejì 1950, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn Iva Valley, àwọn ará Peckham tò láti dìbò. Wọ́n yan Freda Corbet ti Ẹgbẹ́ Labour, ṣùgbọ́n ìbò gbogbo ilẹ̀ náà dín ohun tí Attlee fi ju gbogbo alátakò lọ kù sí ìjókòó márùn-ún péré ní Ilé Aṣòfin. Àwọn ìdílé awakùsà Enugu kò ní ìbò kankan nínú rẹ̀.