Alexandra: Kí ló dé tí owó àti ètò ìjọba kò fi tíì tún ìlú yìí ṣe?

Alexandra, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Alex, jẹ́ àdúgbò àwọn aláwọ̀dúdú ní àríwá Johannesburg, lórílẹ̀-èdè South Africa. Òpópónà márosẹ̀ M1 ló pààlà láàrin òun àti Sandton, níbi tí àwọn báńkì ńlá àti ọjà ìdókòwò orílẹ̀-èdè náà wà.

Ètò ìkànìyàn ọdún 2011 fi hàn pé ó lé ní 179,000 ènìyàn tó ń gbé ní Alex, lórí ilẹ̀ tí kò pé kìlómítà onígun mẹ́rin 7. Láti ọdún 1994 tí ìjọba tiwantiwa ti dé, kò sí ìdìbò kan tí wọn kì í ṣèlérí ilé, omi àti ojú ọ̀nà fún wọn. Owó ti wọlé, ètò sì ti wà. Ìbéèrè tí kò tíì rí ìdáhùn ni pé, ta gan-an ni iṣẹ́ náà já lé léjìká?

Báwo ni Alex ṣe bẹ̀rẹ̀?

Lọ́dún 1912, òyìnbó onílẹ̀ kan, Herbert Papenfus, gé ilẹ̀ rẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì láti tà fún àwọn aláwọ̀ funfun, ó sì fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ pe ibẹ̀. Ilẹ̀ náà jìn sí àárín ìlú, àwọn òyìnbó kò sì rà á, ló bá yí i tà fún àwọn aláwọ̀dúdú.

Nígbà tí Òfin Ilẹ̀ ọdún 1913 dé, tó ká àwọn aláwọ̀dúdú lọ́wọ́ kò láti ra ilẹ̀ níbi tó pọ̀ jù lọ lórílẹ̀-èdè náà, àwọn onílé Alex ti ní ìwé ilẹ̀ wọn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n Johannesburg kọ̀ láti gba ìlú náà mọ́ra. Ìgbìmọ̀ ìlera tí wọ́n gbé kalẹ̀ lọ́dún 1916 ló ń ṣàkóso rẹ̀, kò sì lówó lọ́wọ́ tó. Nítorí àìsí iná mànàmáná, wọ́n ń pè é ní ìlú òkùnkùn. Nígbà tí owó ọkọ̀ gun òkè lọ́dún 1957, àwọn ará ìlú fi ẹsẹ̀ rin nǹkan bí máìlì mẹ́sàn-án lọ síbi iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, dípò kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì.

Ta ló ni ilẹ̀ báyìí?

Lọ́dún 1963, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà pinnu láti wó Alex, kí wọ́n sì kọ́ ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́ tí kò mú ẹbí dání síbẹ̀. Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílé, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Soweto àti Tembisa.

Ìjàngbọ̀n tí àwọn ará ìlú bá ìjọba fà, tí Ẹni Ọ̀wọ̀ Sam Buti léwájú rẹ̀, ló mú kí ìjọba yí ìpinnu náà padà lọ́dún 1979. Maroko ní ìlú Èkó kò rí irú oore bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìjọba ológun wó o lóṣù Keje ọdún 1990.

Àmọ́ bí Alex tilẹ̀ là á já, ìwé ilẹ̀ kò padà sọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Títí di òní, àwọn ìdílé tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn àti àwọn ayálégbé tó ti pẹ́ níbẹ̀ ń bá ara wọn du ẹ̀tọ́ sí àgbàlá kan náà.

Iṣẹ́ ta ni láti kọ́ ilé?

Abala 26 nínú ìwé òfin ọdún 1996 fún gbogbo ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ sí ibùgbé tó yẹ. Ìwé òfin kan náà pín ìjọba sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ilé gbígbé wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀, èyí tí í ṣe Gauteng. Omi, ìdọ̀tí, iná àti òfin ilé kíkọ́ sì wà lọ́wọ́ ìjọba ìlú.

Nítorí náà, bí ìpínlẹ̀ bá kọ́ ilé tí ìlú kò sì tíì fa omi débẹ̀, ilé náà kò ṣeé gbé. Bí ìlú bá fẹ́ dá àwọn tó ń kọ́ àgọ́ sí etí odò dúró, yóò gba àṣẹ ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ yóò sì béèrè ibi tí wọn yóò kó wọn lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò tún ti padà sọ́dọ̀ ìpínlẹ̀.

Kí ni bílíọ̀nù Rand ṣe?

Lọ́dún 2001, Ààrẹ Thabo Mbeki ṣe ìfilọ́lẹ̀ Alexandra Renewal Project, ètò àtúnṣe ọdún méje tí wọ́n ya bílíọ̀nù 1.3 owó Rand sọ́tọ̀ fún. Ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ wà nídìí rẹ̀.

Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n tún ọ̀nà ṣe, wọ́n sì kó àwọn tó ń gbé etí odò Jukskei, níbi tí omíyalé ti ń ṣọṣẹ́, lọ sí Diepsloot àti Braamfischerville. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ jìn síbi iṣẹ́, àwọn mìíràn sì wá pàgọ́ sí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀. Nínú àgbàlá, onílé ń kọ́ yàrá kún yàrá fún ayálégbé, gẹ́gẹ́ bí ará Èkó ṣe mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí owó ilé ni oúnjẹ òòjọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé.

Ta ni aráàlú ń bá wí?

Nígbà tí sùúrù tán, ọ̀rọ̀ máa ń di ìjà. Alex ni ìkọlù sí àwọn àjèjì ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11, oṣù Karùn-ún, ọdún 2008, kó tó ràn káàkiri, tí ènìyàn 62 sì kú. Lára ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àjèjì ló ń gba ilé tó yẹ kí ọmọ onílẹ̀ gbà. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Lóṣù Kẹrin ọdún 2019, nígbà tí ìdìbò gbogboogbò kù bíi oṣù kan, àwọn ará ìlú dí ojú ọ̀nà pa. Ẹgbẹ́ ANC, tó ń ṣàkóso orílẹ̀-èdè àti Gauteng, nàka sí mẹ́yọ̀ ìlú, Herman Mashaba ti ẹgbẹ́ DA. Mashaba ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ibi tí owó ètò àtúnṣe náà wọlẹ̀ sí. Àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú lórí ìjọba wá jọ gbé ìwádìí kalẹ̀.

Láti ìdìbò ọdún 2016, kò sí ẹgbẹ́ kan tó dá ní ọmọ ìgbìmọ̀ tó pọ̀ jù ní Johannesburg. Láàrin ọdún 2016 sí 2024, ènìyàn mẹ́jọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìgbìmọ̀ ìlú yàn sípò mẹ́yọ̀. Méjì nínú wọn kú sórí oyè lọ́dún 2021.

Àtúnṣe ìlú kì í ṣe iṣẹ́ ọdún kan. Ẹni tí yóò bá parí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Alex ní láti jókòó pẹ́ tó láti gbọ́ ti onílé àtijọ́, ti ayálégbé àti ti ẹni tó ń gbé àgọ́, kó sì wà lórí àléfà nígbà tí wọ́n bá padà wá béèrè ohun tó ṣèlérí.