Ta Ni Ó Wà Nínú Fọ́tò Yìí? Ìtàn Káàdì Alàwòrán Ayé Àtijọ́

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí ẹ bá wọ ilé àgbà kan ní Òrò, ní Ẹ̀síẹ́ tàbí ní Òmù-Àrán, tí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi fọ́tò àtijọ́ tí ó wà lọ́wọ́ wọn hàn yín, àpótí ni wọn yóò ṣí. Ìdí àpótí náà ni fọ́tò máa ń wà, pẹ̀lú rìsíìtì owó orí àti ìwé ilẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan tí ó jẹ́ dúdú àti funfun, tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò ṣọ̀wọ́n kí ẹ bá ọ̀rọ̀ méjì tí a tẹ̀ síbẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: POST CARD. Ìlà kan yóò pín ẹ̀yìn náà sí méjì, àpótí kékeré kan yóò sì wà ní igun òkè lápá ọ̀tún, níbi tí ó yẹ kí sítáǹbù wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé orúkọ ìwé fọ́tò lásán ni. Káàdì tí a ṣe láti fi ránṣẹ́ ní póòsì ni, bí ẹni tí ó ni ín kò tilẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni rí. Irú rẹ̀ ni àwọn kan ń kó jọ kiri ayé, tí wọ́n ń rà á ní gbàǹjo ní Paris àti ní London, tí wọ́n sì ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí.

Ilẹ̀ Ọ́síríà ni a ti kọ́kọ́ gbé káàdì ìfìwéránṣẹ́ jáde, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1869. Káàdì ìgbà náà kò ní àwòrán kankan. Ojú kan wà fún orúkọ àti àdírẹ́sì, ojú kejì wà fún ọ̀rọ̀. Nígbà tí àwòrán wá dé, ó gba ojú ọ̀rọ̀, òfin póòsì kò sì jẹ́ kí a kọ ọ̀rọ̀ mọ́ àdírẹ́sì, nítorí náà ẹni tí ó fẹ́ kí ìyá rẹ̀ yóò há ìkíni náà sí etí àwòrán. Ní ọdún 1902 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà kí a fi ìlà pín ẹ̀yìn káàdì, kí ọ̀rọ̀ wà lápá òsì, kí àdírẹ́sì wà lápá ọ̀tún. Faransé ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1903, Amẹ́ríkà ní 1907. Ìlà yẹn ni ẹ rí lẹ́yìn fọ́tò bàbá yín. Láti ìgbà náà ni àwòrán ti gba odidi ojú kan fún ara rẹ̀, tí káàdì alàwòrán sì di ohun tí olówó àti mẹ̀kúnnù ń rà.

Irú méjì ni ó wà, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Èkíní ni èyí tí a fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀: onífọ́tò yóò ya àwòrán, yóò fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé, wọn yóò sì fi tàdáwà tẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún jáde. Èkejì ni fọ́tò gidi: onífọ́tò yóò ra ìwé fọ́tò tí ilé iṣẹ́ ti tẹ POST CARD sí lẹ́yìn, yóò wọ inú yàrá òkùnkùn, yóò sì fọ àwòrán sórí rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi gíláàsì tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò wọ́n. Ti ìtẹ̀wé yóò fi tóótòòtó tàdáwà hàn, tàbí hóró-hóró wẹ́wẹ́ bí iyanrìn. Fọ́tò gidi yóò tẹ́jú geere, dúdú rẹ̀ yóò yọ́ wọ inú funfun. Bí ó bá ti pẹ́, ibi tí ó dúdú jù yóò máa dán bíi fàdákà tí ẹ bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀, fàdákà sì wà nínú oògùn tí a fi ṣe é ní ti tòótọ́. Irú kejì yìí ni àwọn tí ń kó káàdì jọ ń fi ojú méjèèjì wá, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì péré ni a fọ̀ láyé.

Bí a bá dárúkọ káàdì alàwòrán ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Edmond Fortier ni orúkọ tí yóò kọ́kọ́ jáde. Ọmọ Faransé ni, a bí i ní 1862, ó fi ìlú Dakar ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà ṣe ibùgbé láti nǹkan bí ọdún 1900, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1928. Àwòrán tí ó sọ di káàdì lé ní 3,000. Odò, ọjà, ẹnu bodè, ilé alámọ̀, ọkọ̀ ojú omi, àwọn ọba àti àwọn ọmọ ogun, kò sí èyí tí kò yà. Ní 1905 sí 1906 ó gba ilẹ̀ Gínì lọ sí Bamako, Djenné àti Tìmbúkútù. Mọ́ṣáláṣí Sankore tí ẹ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìtàn ìmọ̀ Islam, Fortier yà á bí ó ti rí ní ìgbà yẹn, pẹ̀lú igi tí ó yọ jáde lára ògiri rẹ̀ tí àwọn mọlémọlé ń gùn. Ní 1908 àti 1909 ó lọ sí Dàhòmì, tí ó di orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì ya àwọn ènìyàn Àgbómẹ̀ àti ti Àjàṣẹ́. (Àjàṣẹ́ etí òkun ni mò ń sọ o, èyí tí Òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, kì í ṣe Àjàṣẹ́-Ìpo tí ó wà nítòsí wa níhìn-ín.) Faransé ni wọ́n ti ń tẹ káàdì rẹ̀, nítorí náà ti ìtẹ̀wé ni ọ̀pọ̀ wọn, kì í ṣe fọ́tò gidi.

Iṣẹ́ Fortier dára, ẹni tí ó bá rí i kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí ó tẹ̀ sí abẹ́ àwòrán. Ẹ óò bá orúkọ ìlú, ẹ óò bá nọ́ńbà, ẹ óò sì bá ọ̀rọ̀ bí “obìnrin Bàḿbárà”, “ọ̀dọ́mọbìnrin”, “ààfáà”. Ààfáà wo? Ọmọ ta ni? Ta ni ó kọ́ ọ ní kéú? Káàdì kò sọ. Ènìyàn tí ó ní ìyàwó àti akẹ́kọ̀ọ́, tí ó ń ṣe lemọ́mù fún àdúgbò rẹ̀, di àpẹẹrẹ ẹ̀yà kan, bí ìgbà tí ènìyàn ya ẹyẹ sínú ìwé ọmọdé. Lára ẹrù tí gbajúmọ̀ ayàwòrán nì, Picasso, fi sílẹ̀ ní Faransé, a rí nǹkan bí ogójì káàdì Fortier. Àwọn onímọ̀ ti kọ ìwé lórí bí ìdúró àwọn obìnrin inú káàdì náà ṣe jọ ti àwọn obìnrin inú àwòrán ńlá tí ó yà ní 1907. Orúkọ Picasso wà nínú ìwé, ti Fortier wà níbẹ̀. Orúkọ àwọn obìnrin náà ni kò sí.

Ẹ fi èyí wé fọ́tò Sheikh Ahmadu Bamba, aṣáájú àwọn Murid ní Sẹ̀nẹ̀gà. Ẹyọ kan ni fọ́tò wọn tí gbogbo ayé mọ̀. Ọdún 1913 ni a gbà pé a yà á, òṣìṣẹ́ ìjọba Faransé kan, Paul Marty, sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1917. Wọ́n wọ aṣọ funfun, oòrùn mú kí òjìji bo ojú wọn. Àwọn tí ó ni ìwé náà ń ṣọ́ Sheikh bí ọ̀tá ni, ṣùgbọ́n wọ́n kọ orúkọ wọn mọ́ fọ́tò. Láti ara ẹyọ kan yìí ni a ti ya gbogbo èyí tí ó wà lára ògiri, lára ọkọ̀ èrò àti lórí gíláàsì ní Dakar títí di òní.

Kì í ṣe Òyìnbó nìkan ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ní Freetown, Alphonso Lisk-Carew ṣí sítúdíò ní 1905, òun àti àbúrò rẹ̀ sì ta káàdì òkè, òpópónà àti etíkun ìlú wọn. Ní Bonny, Jonathan Adagogo Green, ọmọ Ìbànì, ya Ọba Ovonramwen ti Benin nínú ọkọ̀ ojú omi ní 1897, nígbà tí wọ́n ń kó wọn lọ sí ìgbèkùn ní Calabar. N. Walwin Holm kó iṣẹ́ rẹ̀ láti Accra wá sí Èkó ní 1896. George da Costa, ọmọ Èkó, fi iṣẹ́ alábòójútó ilé ìtàwé C.M.S. sílẹ̀ ní 1895, ó di onífọ́tò, ìjọba sì gbà á láti ya iṣẹ́ ojú irin tí a ń là lọ sí ìhà Àríwá. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí a ṣí ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1894, wà lára ilé tí a ń rí lórí káàdì Èkó. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà, ni ó kọ́ ọ, Abdullah Quilliam sì wá láti Liverpool láti ṣojú Sultan ilẹ̀ Turkey.

Ẹ̀yin Òrò yóò bi mí pé, tiwa ńkọ́? Ọ̀nà ni ó fa á. Orí gíláàsì ni wọ́n ń ya fọ́tò sí nígbà náà, gíláàsì wúwo, ó sì ń fọ́. Ibi tí ọkọ̀ òkun àti ọkọ̀ ojú irin bá dé ni onífọ́tò ń dé. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn, a ṣí ọ̀nà náà ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ọ̀fà kọjá dé Ìlọrin ní 1908. Ìgbómìnà wà lápá ọ̀tún ọ̀nà náà, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn lọ sí Ọ̀fà. Ẹ̀síẹ́ fúnra rẹ̀, tí ère òkúta rẹ̀ lé ní 800, ọdún 1933 ni òkìkí rẹ̀ tó kan, lẹ́yìn tí Ramshaw, alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ C.M.S., rí àwọn ère náà. Ọdún 1945 ni a ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Nítorí náà, nígbà tí fọ́tò dé ọ̀dọ̀ wa, ọwọ́ àwọn ọmọ wa ni ó gbà wọlé, àwọn ni wọ́n sì ń fọ fọ́tò sórí ìwé POST CARD fún oníbàárà. Ní 1975, ará Amẹ́ríkà kan tí ó ń jẹ́ Stephen Sprague jókòó ti àwọn onífọ́tò Ìlá-Ọ̀ràngún, Ìgbómìnà bí tiwa, ohun tí ó rí ni ó sì kọ sínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978. Ó ṣàkíyèsí pé bí àgbà bá fẹ́ ya fọ́tò, wọ́n á jókòó, wọ́n á kọjú sí kámẹ́rà gan-an, wọ́n á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, agbádá á sì tẹ́ rẹrẹ. Kò sẹ́ni tí ó kọ́ wọn, bí àgbà ṣe ń jókòó láwùjọ ni. Ó tún kọ nípa ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, onífọ́tò yóò ya èyí tí ó kù, yóò sì fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀. Bí ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, yóò wọ aṣọ ọkùnrin fún un, yóò yà á, yóò tún wọ aṣọ obìnrin fún un. Àwọn òbí tí Islam tàbí ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì kò jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ère ìbejì mọ́ ni irú fọ́tò yìí rọ̀ lọ́rùn.

Mo mọ̀ pé àwọn ààfáà wa kan kò fẹ́ kí a gbé àwòrán ènìyàn kọ́ ara ògiri, àwọn mìíràn sì ya fọ́tò sọ́tọ̀ kúrò lára àwòrán tí a fi ọwọ́ yà. N kò ní dá sí i. Fọ́tò tí ó wà nínú àpò ìwé nínú àpótí kò sí lára ògiri, mọ́ṣáláṣí àti òkè kò sì ní ẹ̀mí. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni ọjọ́ tí a bá ń pín ogún. Ilẹ̀ àti ilé ni ojú gbogbo ènìyàn ń wà. Fọ́tò ni a ń gbá mọ́ pàǹtí, tí a ń dáná sun. Èyí tí ó bá sì bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò, ó dé gbàǹjo láìní orúkọ, wọ́n á kọ “ọkùnrin Yorùbá kan” sí i lábẹ́, bí ti Fortier.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó káàdì jọ, inú ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo igun sítáǹbù. Bí ẹ bá rí AZO pẹ̀lú igun mẹ́ta-mẹ́ta mẹ́rin tí gbogbo wọn kọjú sókè, ìwé Kodak ni, láàárín 1904 sí 1918; bí méjì bá kọjú sókè tí méjì kọjú sílẹ̀, 1918 sí 1930 ni. Bí sítáǹbù bá wà, ẹ kà á: “Northern Nigeria” ṣáájú 1914, “Nigeria” láti ọdún náà wá. Ẹ má ṣe yọ ọ́. Ẹ má ṣe fi gọ́ọ̀mù tàbí sẹ́lótéèpù lẹ fọ́tò mọ́ álíbọ́ọ̀mù, ẹ má sì fi ọ̀rá bò ó pa. Inú àpò ìwé gbígbẹ ni kí ó wà, jìnnà sí oòrùn, sí ọ̀rinrin àti sí ikán.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó dàgbà jù nínú ẹbí, ní ọ̀sán, nígbà tí ojú wọn ríran dáadáa. Bíírò máa ń là kọjá sójú fọ́tò, nítorí náà pẹ́ńsù tí ó rọ̀ ni kí ẹ fi kọ̀wé sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ má sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, àwọn tí ó jókòó ṣáájú àwọn tí ó dúró: orúkọ, oríkì bí ó bá wà, agbo ilé, ìlú. Kí ẹ kọ orúkọ onífọ́tò bí wọ́n bá rántí rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó dárúkọ wọn fún yín, àti ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́.