Ìpamọ́: Àwọn Àwòrán Turner àti Oṣù Ṣẹ́rẹ́

 

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ bi mí léèrè ọ̀rọ̀ tí òun lè lò fún iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kí àwòrán orí ìwé má baà bàjẹ́. Ó ti kọ "àtúnṣe", ó pa á rẹ́. Ó kọ "ìtọ́jú", kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo ní kí ó kọ "ìpamọ́". Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní: "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe ohun tí a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ni à ń fi pamọ́?" Òótọ́ ni. A ń fi owó pamọ́ kí ó má baà tán, olè sì ń fara pamọ́ kí a má baà rí i. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá fi ń sọ méjèèjì. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí ni ó jẹ́ kí n gbà pé èdè wa kò ṣìnà níbẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Henry Vaughan. Ọdún 1809 ni wọ́n bí i. Iṣẹ́ fìlà ṣíṣe ni ó sọ bàbá rẹ̀ di ọlọ́rọ̀, ogún náà sì tó ọmọ jẹ títí dọ́jọ́ ikú. Vaughan kò gbéyàwó. Àwòrán ni ó ń rà. Òun ni ó fi The Hay Wain tí Constable kùn ta National Gallery ti Lọ́ńdọ̀nù lọ́rẹ ní 1886. Ó tún kó ọ̀pọ̀ àwòrán tí J. M. W. Turner (1775–1851) fi ọ̀dà olómi kùn sórí ìwé jọ. Nígbà tí ó kú ní 1899, ìwé ìhágún rẹ̀ fún Edinburgh ní 38 nínú wọn, ó sì fún Dublin ní 31. Ṣùgbọ́n ó fi òfin dè wọ́n. Wọn kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ òǹwòran. Gbogbo wọn ni wọn yóò fi hàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Oṣù Ṣẹ́rẹ́, tí í ṣe oṣù kìn-ín-ní ọdún, nìkan ni wọ́n sì lè fi wọ́n hàn.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ Ṣẹ́rẹ́? Ẹni tí ó bá ti dé Edinburgh ní oṣù náà mọ ìdáhùn. Aago mẹ́jọ àbọ̀ a kọjá kí oòrùn tó yọ, bí ó bá sì di nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó ti wọ̀. Èyí tí ó yọ pàápàá kò ní agbára. Vaughan wá oṣù tí ìmọ́lẹ̀ ti rẹ̀.

Kì í ṣe àṣejù arúgbó o. Ní 1886, J. C. Robinson, ẹni tí ó ń bójú tó àwọn àwòrán Ọbabìnrin Victoria, kọ̀wé sí The Times pé ìmọ́lẹ̀ ń ba àwọn àwòrán ọ̀dà olómi tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri jẹ́. Àwọn kan ní irọ́ ni, àríyànjiyàn náà sì gbóná. Ìjọba gbé ọ̀rọ̀ náà fún onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Russell àti Abney. Wọ́n kun ọ̀dà lóríṣiríṣi sórí abala ìwé tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n bo ìdajì, wọ́n ṣí ìdajì sílẹ̀, wọ́n sì gbé wọn sínú ìmọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì. Ìjábọ̀ wọn jáde ní 1888. Ọ̀pọ̀ àwọ̀ tí ó rí oòrùn ti ṣá. Aró wà lára wọn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí aró yìí. Ewé tí àwọn òyìnbó ti ń rí tiwọn kì í ṣe èlú tí àwọn ìyá wa ń lò ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo, ṣùgbọ́n èròjà tí ó ń sọ nǹkan di aró nínú méjèèjì, ọ̀kan náà ni. Àdìrẹ máa ń wọ inú ìkòkò aró léraléra, nítorí náà aró inú rẹ̀ nípọn. Lórí ìwé, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí ni, bí èémí lójú dígí. Àwọn ayàwòrán a máa po aró mọ́ ọ̀dà pupa láti fi kun ìkúukùu. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gbé aró lọ, pupa a ṣẹ́kù, ọ̀run tí òjò ṣú sí a wá dà bí ọ̀run àṣálẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé bẹ́ẹ̀ ni ayàwòrán ṣe é.

Ohun tí ó mú ti ìmọ́lẹ̀ burú ju àwọn ọ̀tá ìwé yòókù lọ nìyẹn. Bí ìwé bá ya, àwọn oníṣẹ́ ìpamọ́ a mú ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn ará Japan ń fi èèpo igi ṣe, wọn a fi gọ́ọ̀mù tí a fi sítáàṣì àlìkámà sè lẹ̀ ẹ́, èyí tí omi lè tú lọ́la bí ẹlòmíràn bá fẹ́ tún un ṣe. Àbàwọ́n mìíràn wà tí omi ń fọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè dá àwọ̀ tí ó ti ṣá padà. Bí a bá kùn ún lákọ̀tun, ó di àwòrán ẹni tí ó kùn ún. Ìmọ́lẹ̀ kì í sì í sinmi: ti òní ń lé sórí ti àná, bí a tilẹ̀ ti àwòrán mọ́ inú òkùnkùn fún ogún ọdún, gbèsè àtijọ́ kò dín kù.

Lóde òní, ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. 50 ni wọ́n sábà máa ń gbà fún àwòrán orí ìwé. Ìta gbangba lọ́sàn-án gangan a máa ju 50,000 lọ. Pẹ̀lú iná tí a lè dín kù báyìí, kò pọn dandan mọ́ kí ó jẹ́ Ṣẹ́rẹ́. Síbẹ̀, Edinburgh àti Dublin kò yẹ àdéhùn, àwọn ènìyàn sì ń fẹsẹ̀ rìn nínú òtútù láti wá wò wọ́n. Ní 2025, tí ó pé 250 ọdún tí wọ́n bí Turner, ìlú méjèèjì ṣe pàṣípààrọ̀ ogún wọn fún oṣù náà. Èmi kò rí ohun àjèjì nínú rẹ̀; a kúkú mọ adé Àrè ní Ilé-Ifẹ̀, tí Ọọ̀ni kì í dé àfi lásìkò Ọlọ́jọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni bàbá mi olóògbé. Ó fi ọ̀dà olómi kun àgbàlá ilé wa, pẹ̀lú igi ọsàn àti ojú ọ̀run lókè. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo fi férémù dáradára sí i, mo sì gbé e kọ́ sí pálọ̀ níwájú fèrèsé ìlà-oòrùn, kí gbogbo àlejò lè rí i. Ọdún mọ́kànlá ni ó lò níbẹ̀. Nígbà tí mo padà láti Edinburgh, mo tú férémù náà. Ojú ọ̀run ti funfun. Ṣùgbọ́n ní etí ìwé yíká, níbi tí igi férémù bò mọ́lẹ̀, ìlà kan wà tí kò fẹ̀ ju ìka kan lọ, tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ aró bí ọjọ́ tí bàbá mi kùn ún.

Ó ti wà nínú àpótí báyìí, lábẹ́ aṣọ òkè màmá mi. Ọjọ́ ìrántí ikú bàbá nìkan ni à ń gbé e jáde, a ó fa kọ́tìnnì, àwọn ọmọ mi a sì máa jà sí ẹni tí yóò kọ́kọ́ wo etí rẹ̀.