Aláǹtakùn Onírun: Ọ̀rọ̀ Tí A Ó Fi Sọ Ọ́

Ní Ìgándò, ní ìpínlẹ̀ Èkó, bí aláǹtakùn bá yọ lára ògiri, sálúbàtà ló ń bọ̀ wá bá a. Síbẹ̀ àwọn ọmọ inú ilé kan náà ń wo fídíò lórí fóònù, níbi tí ẹnì kan nílùú òyìnbó ti gbé aláǹtakùn onírun tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ lé apá, tó ń pè é ní ọ̀rẹ́ òun. Wọ́n á bi àgbà léèrè pé: "Ṣé ó mọ̀ ọ́n ni?" Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré tí ọmọ náà lò, mọ̀, sún mọ́ ìdáhùn ju ọ̀pọ̀ ohun tí mo ti kà lórí ọ̀ràn náà lédè Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Sísin irú aláǹtakùn bẹ́ẹ̀ kò tíì di nǹkan ní Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìgándò wà. Láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkòtún, ajá, adìẹ, ẹyẹlé àti ìgbín ni wọ́n ń sìn. Ní Jámánì, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń sin aláǹtakùn ti pọ̀ débi pé wọ́n ní ọjà tiwọn, ìwé tiwọn àti ẹ̀nà tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá náà kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Nínú ìdílé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Theraphosidae, tí ẹ̀yà inú rẹ̀ lé ní 1,000, àwọn kan wà tí ilé wọn kò jìnnà sí tiwa. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni Stromatopelma calceatum ń gbé, onímọ̀ ẹ̀dá kan, Fabricius, ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti 1793. Heteroscodra maculata ni àwọn ọlọ́jà òkèèrè ń fi orúkọ Tógò pè. Hysterocrates gigas jẹ́ ti Kamẹrúùnù, onímọ̀ mìíràn, Pocock, ló sì ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní 1897. Wọ́n ti gbé gbogbo wọn gba òkun kọjá lọ sínú dígí ní Yúróòpù, àwa kò sì tíì ní ọ̀rọ̀ tí ọmọ iléèwé lè fi kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa wọn.

Iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ní baba nílẹ̀ yìí. Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí Yorùbá kìíní ní 1984, Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe èkejì ní 1990. Ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni ìwé méjèèjì wà fún, àmọ́ ohun tí mo rí kọ́ nínú wọn wúlò fún kòkòrò bákan náà: kí a kọ́kọ́ wo ohun tó wà nílẹ̀ kí a tó ṣẹ̀dá, kí etí sì lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ tuntun ti wá. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti 2018 sọ Yorùbá di dandan ní iléèwé. Àwọn ọmọ ti wà ní kíláàsì. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń dúró dè.

Orúkọ ẹ̀dá náà ni ká kọ́kọ́ yanjú. Taranto, ìlú etí òkun ní Ítálì, ni ọ̀rọ̀ náà tarantula ti wá, aláǹtakùn tí wọ́n sì kọ́kọ́ pè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ara ìdílé yìí rárá. Ẹ̀yà mìíràn tó ń dọdẹ lórí ilẹ̀ ni, tí àwọn ará ìgbàanì gbà pé ijó ló ń wo oró rẹ̀. Orúkọ tó ti ṣìnà tẹ́lẹ̀ ni, n kò rí ìdí tí a ó fi yí i sí taráńtúlà kí a tún gbé ìṣìnà náà wọlé. Ní gúúsù Áfíríkà, wọ́n fi ìnàkí sọ ọ́ lórúkọ, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ ìka ìnàkí. Bí mo bá kọ "aláǹtakùn ìnàkí", òǹkàwé á máa wá ìnàkí kiri inú gbólóhùn. Ẹnì kan dábàá "abirun" fún mi, ẹni tó ní irun, ṣùgbọ́n etí yóò gbọ́ abirùn, aláìsàn. Onírun ló tẹ́ mi lọ́rùn. Aláǹtakùn fúnra rẹ̀ sì ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà: ta okùn ni etí ń gbọ́ nínú rẹ̀, okùn ni ẹ̀dá yìí sì ń ta lóòótọ́. Kì í hun àwọ̀n róbótó sáàárín ẹ̀ka igi. Ó ń fi okùn tẹ́ inú ihò rẹ̀, ó sì ń nà án dé ẹnu ọ̀nà kí ó lè mọ̀ bí ìrẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́. A ti fi ìtàkùn fún ayélujára, ó sì ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀; jànkárìwọ̀ ni ti òrùlé, tí a ń fi ìgbálẹ̀ gbọ́n kúrò. Fún inú ihò, okùn tó.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ fún irun. Ọ̀pọ̀ aláǹtakùn onírun ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní irun kan lórí ikùn tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbọn sí ọ̀tá. Irun náà ní ìkọ́ tín-ín-tín. Bó bá bà lé awọ, yíyún ni. Bó bá bọ́ sójú, ó lè wọ inú ẹyinjú. Ní ìparí 2009, àwọn dókítà ní Leeds kọ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet nípa ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ pọ́n fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí aláǹtakùn rẹ̀ gbọn irun sí i nígbà tó ń nu dígí. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún irun yìí wá láti ara ewé kan tó ń jóni lára lọ́dọ̀ tiwọn. Àwa ní wèrèpè. Ẹni tí èso wèrèpè bá ti kàn lára rí lójú ọ̀nà oko kò nílò kí a ṣàlàyé ìkọ́ tàbí yíyún fún un. Irun wèrèpè ni mo kọ, mo sì kọjá. Àwọn ti Áfíríkà kò ní irun wèrèpè. Eyín oró ni wọ́n gbójú lé.

Lórí oró, èdè wa kò nílò ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí a jẹ tàbí tí a mu tó ń pani ni májèlé. Ohun tí ẹ̀dá alààyè fi eyín tàbí ìrù tì sínú ara ẹni ni oró. Àkeekèé a máa ta ni, ejò a máa ṣán ni. Eyín méjì ni aláǹtakùn fi ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, nítorí náà ó ń ṣán ni. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí wọ́n bá sáré gbé ẹnì kan dé ilé ìwòsàn ìjọba Alímọ̀ṣọ́ tó wà ní Ìgándò, tó sì ní nǹkan ta òun, ojú ọgbẹ́ kan ni wọn yóò máa wá. Bó bá ní ó ṣán òun, méjì ni. Àwọn tí Stromatopelma ti ṣán ròyìn ìrora ńlá àti iṣan tó ń fà. Oró kan náà ń di ohun ìwádìí: ní 2016, ìwé ìròyìn Nature gbé iṣẹ́ àwọn olùwádìí kan jáde, tí David Julius, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021, wà lára wọn. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní Hm1a ni wọ́n rí nínú oró aláǹtakùn tí wọ́n fi Tógò pè yẹn, ó sì là wọ́n lójú sí ọ̀nà tí ìrora ń gbà rìn nínú ara. Ní 2018, wọ́n lo èròjà náà fún eku tó ní irú wárápá kan tó ń ṣe ọmọdé, tí wọ́n ń pè ní Dravet. Gìrì tó ń mú àwọn eku náà sì dín kù. Wárápá, gìrì, ìrora, oró: ọ̀rọ̀ ilé ni gbogbo wọn.

Bọ́ awọ náà kò ṣòro. Bí ejò ṣe ń bọ́ awọ ni aláǹtakùn ń ṣe, àfi pé ó máa ń fẹ̀yìn lélẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ á wà lókè, ẹni tí kò mọ̀ á sì rò pé ó ti kú, á gbé e dà nù. Kí ó fi í sílẹ̀, kí ó sì kó ìrẹ̀ tó wà láàyè kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí ara rẹ̀ ṣì rọ̀, ìrẹ̀ lè jẹ ẹ́. Bó bá ká ẹsẹ̀ jọ sábẹ́ ikùn, ìgbà yẹn ni kí ẹ̀rù bà á. Aláǹtakùn kò ní iṣan tó ń na àwọn oríkèé ẹsẹ̀ kan. Ẹ̀jẹ̀ ló ń tì sínú wọn kí wọ́n tó nà, bí agbára yẹn bá sì lọ, ẹsẹ̀ á ká. Ẹ̀jẹ̀ náà gan-an ní àwọ̀ aró díẹ̀, nítorí bàbà ló fi ń gbé afẹ́fẹ́ níbi tí tiwa ti ń lo irin, mo sì ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ oníbàbà. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ mẹ́rin jẹ́ ìpele-ìpele. "Ẹ̀dọ̀fóró onípele" yé ọmọdé ju "oníwèé" tí ìtumọ̀ tààrà láti inú Gẹ̀ẹ́sì ìbá fún wa. Àgò dígí ni ilé rẹ̀, nítorí àgò ti jẹ́ ibi tí a ń kó ohun ọ̀sìn sí. Ìrẹ̀ àti aáyán ni oúnjẹ rẹ̀, ẹni tó bá sì ń ṣa aáyán nínú ilé tí wọ́n ti fọ́n òtapíápíá, májèlé ló ń gbé fún un jẹ.

Ibi tó le ni a dé báyìí. Kí ni ká pe ẹ̀dá tí a ń tọ́jú, tí a kò ní pa jẹ, tí kò ṣọ́lé, tí kò yé ẹyin fún ọbẹ̀? Ẹran ọ̀sìn kò bá a mu, àgbẹ̀ ọlọ́sìn àti ọjà ni ọ̀rọ̀ náà ń rántí. Ìgbín tí àwa ń sìn fún ọbẹ̀ ni àwọn kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sìn fún wíwò lásán, ọ̀rọ̀-ìṣe sìn sì gba méjèèjì láìjà. Mo dábàá ọ̀sìn ìwòran. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò fẹ́ ọ̀rọ̀ tó ní ìfẹ́ nínú, ọ̀rẹ́ ilé tàbí irú rẹ̀. Ajá lè jẹ́ ọ̀rẹ́ ilé, odídẹrẹ́ náà lè jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a bá fún ẹ̀dá kan ni yóò sọ fún ọmọdé bí yóò ṣe nawọ́ sí i, èmi kò sì fẹ́ kí ọmọ kankan nawọ́ sí eyín oró nítorí ọ̀rọ̀ tí mo kọ.

Bí ìwé òyìnbó bá sì béèrè bóyá aláǹtakùn ń so pọ̀ mọ́ ẹni tó ni ín, atúmọ̀ tó ń kánjú á kọ ìsopọ̀, tàbí okùn ìfẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì lò níbẹ̀, ó sì bo ohun púpọ̀ mọ́lẹ̀. Yorùbá máa ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe là á sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀dá kan lè fara da ọwọ́ ènìyàn. Ọwọ́ ọ̀hún lè mọ́ ọn lára. A lè tù ú lójú. Ó lè dá ẹni náà mọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó lè fara mọ́ ọn. Èyí tí aláǹtakùn dé nínú wọn ni ká wò.

Ó ń fara dà á, ìyẹn dájú. Ojú mẹ́jọ ló ní, ṣùgbọ́n ìríran rẹ̀ kò tó nǹkan. Irun ara àti ẹsẹ̀ ló fi ń gbọ́ ayé, bí ilẹ̀ ṣe ń mì àti òórùn ohun tó tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí a bá gbé e sọ́wọ́, ilẹ̀ tó móoru ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ lè mọ́ ọn lára náà, torí pé ẹ̀dá tó kéré jù ú lọ pàápàá a máa jáwọ́ nínú ìbẹ̀rù ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí i léraléra láìpa á lára. Àwọn ọlọ́sìn tilẹ̀ ń sọ pé èyí tó jẹ́ ẹlẹ́sọ̀ lánàá lè yí padà lẹ́yìn tó bá bọ́ awọ. Títù lójú kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni Bíbélì Yorùbá lò nínú ìwé Jákọ́bù orí kẹta, fún ẹranko àti ẹyẹ àti ejò, ó sì wuwo: ẹ̀dá tí a tù lójú ń wo ènìyàn kí ó tó ṣe nǹkan. Aláǹtakùn kì í wo ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹ̀rí kankan pé ó dá ọlọ́sìn rẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn, nítorí náà, ìdáhùn fún ọmọ tó ń wo fídíò ni pé kò mọ̀ ọ́n.

Fara mọ́ ni mo ronú lé lórí pẹ́ jù. Lójú fídíò, ó fara mọ́ ẹni náà: ó lẹ̀ mọ́ apá, kò fẹ́ kúrò. Lẹ̀ mọ́ ni ọ̀rọ̀ tó tọ́ níbẹ̀. Irun wẹ́wẹ́ wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó fi ń di nǹkan mú, ó sì ní ìdí tí kò fi fẹ́ já bọ́, nítorí bó bá já láti òkè, ikùn rẹ̀ lè bẹ́. Fara mọ́ wà láàárín àwọn fúnra wọn níwọ̀nba. Àwọn ọmọ Hysterocrates gigas a máa gbé lọ́dọ̀ ìyá wọn fún oṣù mélòó kan kí wọ́n tó túká, Monocentropus balfouri ti erékùṣù Socotra sì lè gbé pọ̀ nínú àgò kan láìjẹ ara wọn. Láàárín aláǹtakùn àti ènìyàn, ọ̀dọ̀ ènìyàn ni ìfẹ́ náà wà. Abo lè gbé ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá sì ń bomi sí àwo rẹ̀ ní gbogbo ọdún yẹn fẹ́ràn rẹ̀ ní tòótọ́. N kò ní pe ìyẹn ní ẹ̀tàn, n kò sì ní kọ ọ́ bí ẹni pé aláǹtakùn ń dá a padà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí kò yẹ kó dúró dọ̀la. Nínú fídíò púpọ̀, aláǹtakùn á gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè, á na ara sẹ́yìn, ẹni tó ń ya fídíò á ní ó ń juwọ́ sí wa. Àwọn ọmọ á juwọ́ padà. Halẹ̀ ni Yorùbá ń pe ohun tó ń ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé aláǹtakùn onírun dé iléèwé kan ní Ìgándò, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára àgò dígí náà kí àwọn ọmọ tó wọlé: Bó bá gbẹ́sẹ̀ sókè, ó ń halẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án.